Ejò Tí Bàbá Àgbà Fún ní Kúìtì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju etí ìkòkò aró Ìyá Àgbà lọ, ẹ̀yìn ilé wa ní Kémta ni gbogbo ayé mi mọ. Bí èèyàn bá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn lágboolé wa, àpáta ló máa kí i káàárọ̀. Kì í ṣe àpáta ńlá tí àwọn àlejò ń sanwó gùn o. Tiwa kò lórúkọ, kò sì ga ju ilé kan lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tẹ́jú, oòrùn sì fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá àti ìyá mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń wá wò mí. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìyá mi ni mo ti jẹun yó, ibẹ̀ náà ni mo ti jẹgba yó.

Ìyá Àgbà ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà l'Abẹ́òkúta, ẹ ó rántí òórùn yẹn: aró tó ti kan, eérú, àti ẹ̀kọ láfún tó ń hó lórí iná. Ẹ̀kọ yìí ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Bàbá Àgbà ló ń ta aṣọ náà. Arẹwà àgbà ni wọ́n, onírùngbọ̀n funfun, wọ́n sì ní irú sùúrù kan tó máa ń bí Ìyá Àgbà nínú. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á ní, "Ìyá Kúdí, a ó tún un ṣe." Kúdí ni ìyá mi, òun ni àkọ́bí wọn. Ìyá Àgbà á dáhùn pé, "Ìgbà wo, Bàbá Kúdí? Ṣé lálùkìyámọ̀?"

Iṣẹ́ tèmi àti Jímọ̀, ọmọ àbúrò ìyá mi tí a jọ ń gbé, ni pé ká sá aṣọ àti láfún sórí àpáta, ká sì jókòó tì í kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Àwọn alángbá ló ń bá wa ṣọ́ ọ. Akọ olórí pupa kan wà níbẹ̀ tó máa ń gun òkúta tó ga jù, á wá máa mi orí bíi pé gbogbo ohun tí a ń sọ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Jímọ̀ á fi orúkọ mi bi í léèrè pé, "Ṣé Ràmọ́tà ló máa fọ abọ́ lónìí?" Alángbá á mi orí. "Ṣé èmi ni kí wọ́n fún ní ẹran tó tóbi?" Á tún mi orí. Mo bínú sí alángbá yẹn ju bí mo ṣe bínú sí Jímọ̀ lọ.

Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń mú kànnàkànnà wá kí wọ́n lè fi òkúta sọ àwọn alángbá náà, Bàbá Àgbà kò sì gbà. Wọ́n á jókòó sórí àga wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n á ní, "Nígbà ogun, abẹ́ òkúta làwọn Ẹ̀gbá sá sí, òkúta sì gbà wọ́n. Bó bá gba àwa, kí ló dé tí kò ní gba alángbá?" Ta ló fẹ́ bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn? Àwọn ọmọ á ká kànnàkànnà wọn kò, wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni eré wa ti bẹ̀rẹ̀. Ojú-tó-o la pè é. Lójú ọ̀nà ilé kéú, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹranko afàyàfà kan ló ni í. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ rí i pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ lo pa. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pariwo, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti òkò sísọ. Ẹni tó bá sọ òkò, gbogbo ohun tó ti rí láti àárọ̀ ti ṣòfò. A kì í nàka, ètè la fi ń júwe. Bí ẹ bá rí wa nígbà náà tí a dúró wọ́jọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí gbogbo wa na ètè síwájú bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ iná, ẹ ó rò pé nǹkan ti ṣe wá.

Kóró iṣin dúdú tó ń dán la fi ń ṣírò. Alángbá kò ní kóró kankan, wọ́n ti pọ̀ jù. Ọmọńlé ní díẹ̀. Alágẹmọ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè wà níwájú èèyàn lórí ẹ̀ka kójú má rí i. Awọ́nrínwọ́n, èyí tí a máa ń rí tó ń sáré wọ koríko létí odò Ògùn, ní ẹ̀kúnwọ́. Ejò ló lérè jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ejò gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn kó tó na ètè. Bàbá Àgbà ló fi òfin yẹn kún un. Wọ́n ní, "Ejò kì í wá èèyàn lọ sílé rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń bá jà." Àwọn aládùúgbò máa ń yìn wá pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni wá, a kì í sáré lójú ọ̀nà. Wọn ò mọ̀ pé ejò là ń wá.

Kì í ṣe pé a kì í jìyà eré náà o. Bí a bá pẹ́ délé nítorí pé alágẹmọ kan ń fi sùúrù sọdá ọ̀nà, Ìyá Àgbà á ní ká kúnlẹ̀ ká gbé ọwọ́ sókè, àwọn á sì máa ro láfún lọ níwájú wa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ sè. Ìyà wo ló ju kéèyàn kúnlẹ̀ síwájú oúnjẹ tó ń rùn báyẹn? Òjòlá nìkan ni ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì rí. A ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá rí òjòlá ló ni gbogbo kóró iṣin tó wà nínú agolo.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ Iléyá kan. Àwọn oníbàárà láti Èkó ti pa aṣọ láṣẹ, aṣọ náà sì ti gbẹ, wọ́n ti dì í jọ sínú yàrá ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò láfún. Ìyá Àgbà wọ ibẹ̀ láti mú òṣùká wọn. Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Wọ́n rí òṣùká lẹ́yìn àpò, wọ́n na ọwọ́ sí òṣùká, òṣùká sì na orí sí wọn. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, bóyá ni kò dé Aké.

Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ti dé pẹ̀lú igi, ẹnìkan tilẹ̀ gbé omi gbígbóná lọ́wọ́. Bàbá Àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú yàrá, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òjòlá ni. Kò lóró. Ó kàn ká ara rẹ̀ jọ ni, ẹ̀rù ló ń bà á." Èmi àti Jímọ̀ ti gba abẹ́ apá wọn yọjú. Ẹ wo ẹwà! Ó ki, ó kúrú, àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú jọ lọ́ mọ́ra lára rẹ̀ bí iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà, ó sì fi orí pamọ́ sáàárín ara rẹ̀. Àwa méjèèjì na ètè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà náà ni Jímọ̀ rántí òfin, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i.

Bàbá Àgbà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ní ilé kéú ni pé bí ejò bá wọlé onílé, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń fún un láti jáde kí wọ́n tó fọwọ́ kan án. Wọ́n bá tún fìlà wọn dé, wọ́n kojú sí yàrá ẹrù, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń bá àgbà kan sọ̀rọ̀: "Gáfárà o. A fi Ọlọ́run tó dá àwa àti ìwọ bẹ̀ ọ́. Ilé tiwa nìyí, tìrẹ ń bẹ nínú àpáta. A fún ọ lọ́jọ́ mẹ́ta. Jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, má pa wá lára, a ò ní pa ọ́ lára."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá ti fún ejò ní kúìtì nótíìsì!" Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Kó tó dọ̀la, àwọn tó ń lọ lórí ọ̀kadà ń dúró béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti fún ejò ní kúìtì?"

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó máa wọ inú yàrá yẹn lọ kó aṣọ. Wọ́n kojú sí ọkọ wọn: "Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tó ṣì wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀. "A jẹ́ pé ó kọ̀ nìyẹn. Èmi fúnra mi ni màá ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó mú igi lọ́wọ́."

Inú mi bàjẹ́. Mo mọ̀ pé Bàbá Àgbà kì í yẹ àdéhùn. Mo gbàdúrà fún òjòlá yẹn lórí ẹní mi, mo tiẹ̀ gbàdúrà fún un ṣáájú ìyá mi tó wà l'Ékòó.

Láràárọ̀ ni Bàbá Àgbà ń lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá láti tún gáfárà náà ṣe, wọ́n á sì kọjá sí mọ́ṣáláṣí. Òjòlá kò mira. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta, èmi àti Jímọ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́, a gun odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ká lè yọjú lójú fèrèsé yàrá náà. Odó yí, a ṣubú, ìkòkò omi kan sì bá a lọ. Ìyá Àgbà kò fẹ́ gbọ́ àwáwí. Wọ́n ní ká kúnlẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti tẹ̀ wá, ìyẹn ni iwájú yàrá ẹrù gan-an, ká gbé ọwọ́ sókè, ká sì tẹjú mọ́lẹ̀.

Níbi tí mo ti tẹjú mọ́lẹ̀ ni mo ti rí ohun tí gbogbo àgbàlagbà ilé kò rí. Kí ejò má bàa wọ inú ilé, Ìyá Àgbà ti gún áyù, wọ́n ti pò ó mọ́ kẹ́rọ́sì, wọ́n sì ti dà á sẹ́nu ọ̀nà yàrá láti igun kan dé ìkejì, ó nípọn bí okùn. Wọ́n ti fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn pinpin. Lẹ́yìn àkísà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó mú igi gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, wọ́n ń ta ayò, ariwo wọn kò sì dákẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo bẹ́ǹṣì. Nígbà tí Bàbá Àgbà ń kọjá, mi ò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ibo ni yóò gbà jáde?"

Bàbá Àgbà dúró. Wọ́n wo áyù, wọ́n wo àkísà, wọ́n wo àwọn oníigi lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú wọn lọ́hùn-ún, ó gun àyà, ó dé èjìká, fìlà wọn bọ́ sílẹ̀. "Ìyá Kúdí! Ẹ máa bọ̀! Onílé wo ló ń fún ayálégbé ní kúìtì, tó tún wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?"

Ìyá Àgbà jáde wá pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún aró, wọ́n fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Bàbá Àgbà ní kúìtì tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ kì í ṣe kúìtì, ká bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Ìyá Àgbà ní irọ́ ni, ìrọ̀lẹ́ òní ni àdéhùn, àwọn oníbàárà ń bọ̀ lọ́la. Wọn ò yí padà. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ká ṣílẹ̀kùn títí di ìgbà ìrun Màgàríbà.

Ẹ wá wo iṣẹ́! A yọ àkísà, a fi ọṣẹ àti omi fọ kẹ́rọ́sì kúrò, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà fi òlèlè gbígbóná tan àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà lọ síwájú ilé. Èmi àti Jímọ̀ gun orí àpáta, a dojú bolẹ̀, a sì ń wo ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Òkúta ṣì gbóná láti ọ̀sán, ó ń mú mi níkùn. Bàbá Àgbà bá wa níbẹ̀, àwọn náà dojú bolẹ̀ pẹ̀lú agbádá wọn. Wọ́n ní, "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run." Mo mọ èyí tí inú ń run. Èmi ni.

Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Òjìji àpáta nà dé ìdí ìkòkò aró. Ládàánì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ létí mọ́ṣáláṣí, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó máa fọ̀ ọ́ lọ, kó má tíì pe ìrun. Bí Jímọ̀ ṣe na ètè nìyẹn. Mi ò rí nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà mo rí ahọ́n kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, tó ń yọ tó ń wọlé. Orí jáde, ọrùn tẹ̀lé e, ara tó ki ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba àárín àwọn ìkòkò aró kọjá, ó dúró wo ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ dúnàádúrà, ó sì gun ìdí àpáta. Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n fi ọwọ́ aláró bo ẹnu, gbogbo ẹnu wọn di aró. Ejò náà wọ inú pàlàpálá òkúta, ìrù rẹ̀ tẹ̀lé e, ó tán.

Àpáta náà kò tíì gbọ́ irú ariwo ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń fò, Jímọ̀ ń jó, Bàbá Àgbà ń gbọn eruku agbádá. Wọ́n ní, "O káre, ọmọ dáadáa. Ó gbọ́ràn ju àwọn kan nínú ilé yìí lọ." Ojú àwa méjèèjì ni wọ́n ń wò.

Nígbà tí Ìyá Àgbà wọ yàrá ẹrù, wọn ò gbúròó eku kan. Àpò láfún tí eku máa ń lu bí ajere wà ní odindi, aṣọ oníbàárà pé. Òjòlá ti bá wọn lé eku ibẹ̀ tán. Lẹ́yìn Iléyá, bí wọ́n bá ń po ẹ̀kọ, wọ́n á kàn bi wá léèrè bíi pé kò kàn wọ́n pé, "Ẹ ò tún rí ayálégbé mi?" Àwa náà kó gbogbo kóró iṣin inú agolo fún wọn, torí òfin lòfin. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi kóró iṣin ṣe. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n ṣe ń pín ẹran díndín, gbogbo àlejò ló gbọ́ pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí òjòlá. Bàbá Àgbà ní alángbá tó já láti orí ìrókò, bí ẹnikẹ́ni kò bá yìn ín, á yin ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ayé ti yí. Ìbarà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń rìn káàkiri àwọn àpáta àti etí odò nílẹ̀ Ẹ̀gbá, à ń wo irú àwọn afàyàfà tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, kí ẹnì kan lè gbẹnu sọ fún wọn. Mo fi òfin ojú-tó-o kọ́ gbogbo wọn. Fọ́tò orí fóònù ti di ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n a kì í sọ òkò, a kì í fọwọ́ kàn án, a sì ń fà sẹ́yìn. Ìyá Eléjò ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń dáhùn. Nǹkan kan sàn ju tàtijọ́ lọ: àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ pé bí ejò bá bu èèyàn jẹ, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e sáré lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò rí òjòlá rí àfi lójú fóònù. Nígbà tiwa, ejò ló ń ṣèèṣì wọ ilé wa, a sì fún un lọ́jọ́ mẹ́ta. Nísinsìnyí, àwa là ń wọ ilé ejò pẹ̀lú katakata, a kì í sì í kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan fẹ́ kọ́lé sórí igbó kan létí odò lẹ́yìn ìlú, níbi tí a ti ń rí òjòlá. Katakata ti dé. Mo lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, katakata tí mo háyà kò mọ sùúrù." Mi ò bá a jà. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀, mo sọ ìtàn kúìtì Bàbá Àgbà fún un, títí kan ti kẹ́rọ́sì àti bẹ́ǹṣì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ó tán?" Mo ní kò tíì tán. Mo ní kí katakata bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì, kó máa fi pẹ̀lẹ́ bọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ odò wà ní ṣíṣí. Ó wò mí, ó mi orí bí alángbá olórí pupa ayé ọjọ́un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo dúró létí igbó náà, mo tún gèlè mi wé, mo sì sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. "Gáfárà o." Ó kù díẹ̀ kí n yí i sódì, torí ilé tiwa kọ́ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń fi fóònù ká ohùn mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ọmọbìnrin tó kéré jù láàárín wọn dákẹ́. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Kò pariwo, kò nàka. Ó na ètè síhà odò.

Mo wo ibi tí ètè rẹ̀ kọjú sí, títí mo fi rí ìrù tó ki, tó lọ́ àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ dúdú, tó ń wọ́ wọ inú koríko tútù.

Mo ní, "Èmi ni ẹlẹ́rìí rẹ. Ìwọ lo ni í."